Táyà ínṣì 4 àbí 4.8: èwo ni kí ẹ rà fún kẹ̀kẹ́ orí yìnyín?

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtira fat bike, kẹ̀kẹ́ onítáyà ràbàtà yẹn, kí òtútù tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo táyà kí ẹ tó wo kẹ̀kẹ́. Láti ọdún 2005 tí Surly, ilé iṣẹ́ kan ní Minnesota wa níbí, ti gbé Pugsley jáde, orí táyà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Táyà tó fẹ̀ tó ínṣì 4 fúyẹ́, ó sì yá. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀, irú ti ọgbà ìgbafẹ́ Theodore Wirth ní Minneapolis, ó tó mi. Àmọ́ tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó ṣì rọ̀ bí ẹ̀lùbọ́, ínṣì 4 á máa rì, 4.8 á sì máa léfòó. Kẹ̀kẹ́ 4.8 wúwo o, ó sì ń ya ẹsẹ̀ èèyàn síra. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó gùn ún wò kó tó sanwó. Ibi tí owó ti ń gbé rè é: kẹ̀kẹ́ tó gba 4.8 á gba 4, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún 4 ni kò láyè fún 4.8. Èmi á ra èyí tó láyè.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jáde, psi 12 ni mo fún táyà (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú táyà). Ti iwájú gbẹ́ yìnyín wọlé, ó dúró gbagidi. Mo dín atẹ́gùn rẹ̀ kù sí 5, títí ẹ̀gbẹ́ táyà fi hunjọ díẹ̀ lábẹ́ mi, ló bá ń gbé mi lọ. Gééjì mọ́tò kì í ka iye tó kéré báyẹn dáadáa. Ẹ ra èyí tó wà fún un. Ìta ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n o! Táyà tó ka 5 nínú ilé tó móoru lè sọ psi 2 nù nínú òtútù. Bí ipa táyà yín bá sì ti jìn ju ínṣì 1 lọ, ọ̀nà ti rọ̀ jù, ẹ padà sílé. Iṣẹ́ ẹni tó fi ẹ̀rọ tẹ ọ̀nà náà lẹ ń bà jẹ́.

Táyà oníṣó ńkọ́? Ẹyọ kan lè lé ní 200 dọ́là, kò sì wúlò nínú yìnyín rírọ̀. Ní oṣù Kẹta, tí yìnyín ń yọ́ lọ́sàn-án, tó ń dì padà lóru, ọ̀nà á máa dán bíi dígí. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ iyì rẹ̀. Bí owó ò bá ká méjì, ti iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Láàárín ìbọ̀wọ́ nípọn àti pogies, àpò tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, pogies ni tèmi. Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ ti tó nínú rẹ̀, ìka sì ń rí bíréèkì mú. Pẹ́dà pẹlẹbẹ ni kí ẹ lò, kí bàtà òtútù lè dúró lórí rẹ̀, kí bàtà náà sì fi nọ́ńbà kan tóbi ju tiyín lọ nítorí ìbọ̀sẹ̀.