Ọ̀nà mọ́tò oníkọnkéré tó gun òkè wọ ilé mi ní Iléṣà, lẹ́yìn òjò ọdún méjì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó ọ̀nà kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́ kò pé ọdún méjì tó fi di àfọ́kù. Ìkejì, tí wọ́n ṣe ní oṣù kìíní ọdún 2024, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí, nítorí òjò ọdún méjì gbáko ti rọ̀ lé e lórí, ẹnu mi sì ti gbà á láti sọ ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mi ò ní dárúkọ kọngílá kankan, àti ẹni tó jẹ mí níyà, àti ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi.

Ẹni tó bá mọ Iléṣà mọ̀ pé ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ilé tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Láti ojú títì dé ibi tí à ń gbé mọ́tò sí tó ẹsẹ̀ bàtà 60, ibẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 9 ga ju títì lọ. Ilẹ̀ pupa alámọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ́ kì í fẹ́ wọ̀ ọ́. Tí òjò bá ti dunlẹ̀, á máa yọ̀ bí ilá. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹwàá, apá òkè ilé mi kì í gbẹ. Òjò lè dá lónìí, kí omi ṣì máa sun jáde lára ilẹ̀ títí di ọ̀tunla, bí ẹni pé òkè náà ń làágùn.

Kọngílá àkọ́kọ́ parí iṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó hú koríko, ó tẹ́ yanrìn, ó da kọnkéré lé e, ó wá wọ́n símẹ́ǹtì gbígbẹ sójú rẹ̀, ó rẹ́ ẹ títí tó fi ń dán bí àwo. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Àpò símẹ́ǹtì 20 péré ló ní kí n rà fún gbogbo rẹ̀. Mo tiẹ̀ súre fún un pé ó bá mi ṣọ́ owó ná. Ìgbà tí a fọ́ ọ kúrò la tó rí i pé kò nípọn ju íǹṣì 3 lọ, ibòmíì ò tó 2, a ò sì bá ẹyọ irin kan nínú rẹ̀.

Òjò kò kọ́kọ́ bá ojú rẹ̀ jà. Abẹ́ rẹ̀ ló gbà. Omi òkè ń wọ́ lọ sábẹ́ kọnkéré, ó ń kó yanrìn tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí abẹ́ rẹ̀ fi di ihò tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọjọ́ tí tánkà omi gùn ún ló dún gbàmù. Láti ìgbà yẹn ló ti ń pín sí wẹ́wẹ́, tí ojú dídán rẹ̀ ń bó bí awọ ejò. Kó tó bó tán, ó ti yọ̀ mí ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi balẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ wa. Nígbà tí ilẹ̀ lásán wà níbẹ̀, koríko àti iyẹ̀pẹ̀ a máa mu nínú omi náà. Kọnkéré kì í mu omi. Gbogbo ohun tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ ló ń sáré sọ̀kalẹ̀, ilé ìdáná ìyá yìí ló sì ń balẹ̀ sí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n kí mi, wọ́n bèèrè àwọn ọmọ, kí wọ́n tó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo iṣu mi." Iṣu tí wọ́n fẹ́ fi gúnyán ti rẹ sínú omi ẹrẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà! Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Mo wá kọngílá yẹn lọ. Òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, nítorí àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Èmi náà lóṣòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Eékún ló dùn mí, owó ò jáde.

Àbúrò mi ọkùnrin ló bá mi wá ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ilé tirẹ̀ wà nítòsí òkun l'Ékòó, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé kọnkéré náà máa ń ṣàìsàn. Iyọ̀ òkun ló ń wọ inú rẹ̀ lọ, àgàgà tí wọ́n bá fi yanrìn òkun tí a kò fọ̀ pò ó. Bí iyọ̀ bá dé ara irin, irin á dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gbàyè ju irin tó ti ara rẹ̀ jáde lọ. Bó ṣe ń wú ló ń ti kọnkéré bó. Ọmọ Obòkun ni wá. Ìtàn ní Ọwá Ajíbógun ló lọ bu omi òkun tí wọ́n fi wẹ ojú Odùduwà tó fi ríran padà. Omi tó la ojú Odùduwà yẹn náà ni kì í jẹ́ kí irin rójú nínú kọnkéré.

Ọ̀gá tó tún ti àbúrò mi ṣe ti ṣiṣẹ́ fún ọdún pípẹ́ ní Limbe, ní Kamẹrúùnù, níbi tí ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù ti ń wọ inú òkun. Debundscha, ọ̀kan lára ibi tí òjò ń rọ̀ sí jù lọ láyé, kò jìnnà síbẹ̀. Mo ní ẹni tó bá ti fi kọnkéré gun òkè ní irú ibẹ̀ yẹn kò ní ka òjò Iléṣà sí ohun bàbàrà. Mo pè é, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé irú mọ́tò tí mo ní. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ fi ti mọ́tò sílẹ̀ ná. Níbo ni omi ń gbà wọlé yín, níbo ló ń gbà jáde?" Mi ò lè dáhùn. Ọdún 19 ni mo ti ń gbé inú ilé náà.

Ó dé pẹ̀lú ọmọọṣẹ́ méjì, ó sì gba lébìrà mẹ́rin níhìn-ín. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, wọn ò da kọnkéré kankan. Gọ́tà ni wọ́n ń gbẹ́. Inú ń bí mi, nítorí owó oúnjẹ wọn ń lọ, mo sì ń rò ó pé òmíràn tún ti dé. Wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí apá òkè, wọ́n tẹ́ páìpù tí wọ́n lu ihò sí lára sínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tó ń sẹ́ omi wé e, wọ́n da gíráníìtì bò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba omi tó ń sun lára òkè kó tó dé abẹ́ ọ̀nà. Wọ́n tún mọ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbé òmíràn tí irin bò lójú dábùú ẹnu géètì, kí omi má bàa dé ọ̀dọ̀ ìyá ìsàlẹ̀ mọ́. Gọ́tà ìjọba tó wà lẹ́bàá títì ló ń dà sí.

Àfọ́kù ti àtijọ́ ni wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ tuntun. Ìyẹn wù mí: owó mi tó ṣòfò tún rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n fi gíráníìtì wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ pupa dí àárín rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kì í mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, íǹṣì 3 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 kí kọnkéré lè ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀gá ní gìgísẹ̀ ọ̀nà nìyẹn. Láìsí i, gbogbo rẹ̀ á máa rọra sún lọ sí títì bí ẹni tó jókòó sórí àga tó ti dagun.

Kọnkéré tó nípọn ní íǹṣì 4 máa ń tó fún mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n nítorí tánkà omi ó sọ ọ́ di 6. Bí wọ́n ṣe pò ó ni símẹ́ǹtì òṣùwọ̀n 1, yanrìn 1 àbọ̀, gíráníìtì 3. Símẹ́ǹtì tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ jẹ́ 42.5 ló ní kí n rà: láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti yà wọ́n sọ́tọ̀ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ilé, 42.5 fún kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù. Nọ́ńbà náà wà lára àpò, ọ̀pọ̀ wa ni kì í kà á. Ní ti yanrìn, ó bù ú sínú ìgò, ó da omi sí i, ó mì í, ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó tòrò, ẹrẹ̀ jókòó lé yanrìn lórí nípọn bí ìka. Ó dá típà náà padà. Èmi ni mo sì sanwó epo rẹ̀, ẹ má gbàgbé.

Omi ló dá ìjà sílẹ̀. Líta 25 ni kò gbọdọ̀ kọjá fún àpò kan, ìdajì ìwọ̀n símẹ́ǹtì tó jẹ́ kílò 50. Kọnkéré tó gan bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ṣọ́bìrì yí, làwọn lébìrà bá ń yọ́ omi bù kún un tí ọ̀gá bá ti kọ̀yìn. Ó ká wọn mọ́ ọn. Ó gba garawa, ó dojú rẹ̀ dé, ó jókòó lé e, orí garawa yẹn ló sì ti ń ṣe ọ̀gá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní omi tó bá pọ̀ jù nínú kọnkéré á wá ọ̀nà jáde, ihò tó bá gbà jáde ni omi òjò náà á gbà wọlé. Létí òkun, ihò kan náà ni iyọ̀ ń gbà.

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á tí wọ́n ń gòkè lọ. Wọ́n gbé irin BRC, irin tí wọ́n so pọ̀ bí àwọ̀n, lé orí bísíkíìtì, ìyẹn ègé kọnkéré kéékèèké, kó má bàa sùn sílẹ̀, kí kọnkéré íǹṣì 2 sì bò ó lókè. Létí òkun, ó ní òun máa ń fi kún un. Ẹ̀gbẹ́ kan fi íǹṣì 2 àbọ̀ rẹlẹ̀ ju ìkejì, kí omi lè yà sí gọ́tà. Ojú rẹ̀ kò dán. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi wọ́ ọ ní ìbú, ó wá ní ilà bí aṣọ òkè, táyà sì ń rí nǹkan dì mú.

Ọyẹ́ ń jà nígbà náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì lè fa omi ojú kọnkéré mu kí símẹ́ǹtì tó rí i lò. A fi àpò kòkó àlòkù bò ó, à ń bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 10. Mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ gùn ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, tánkà di ẹ̀yìn ọjọ́ 28. Ọmọ mi wá láti Ìbàdàn, ó ní kí òun rọra gùn ún. Iwájú ilé ìyá ìsàlẹ̀ ni mọ́tò rẹ̀ sùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ráhùn.

Kọnkéré máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Tí ẹ ò bá gé ibi tí yóò ti là fún un, á fúnra rẹ̀ wá ibi tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ọ̀nà náà sí mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí wọ́n gé e láàárín ọjọ́ kan tí wọ́n dà á. Ẹ̀rọ ìgékọnkéré tí wọ́n háyà, ọjọ́ kẹta ló dé. Ìpín kẹrin kò dúró dè é. Ó ti là láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́, tín-ín-rín bí irun. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú dí i, kò sì tíì fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mò ń jáde tí ojú mi kì í lọ síbẹ̀.

Lókè pátápátá, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti di pẹrẹsẹ, ó yí lójijì. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú mọ́tò mi, á fi ikùn họ ibẹ̀, kìràà! Ọ̀gá gbà pé ó yẹ kí òun jẹ́ kí ibẹ̀ tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣèlérí láti padà wá fá a nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ti kọjá.

Owó ńkọ́? Àpò 55 ló kọ́kọ́ bá mi ṣírò, 72 la lò, láìka ti gọ́tà. Gọ́tà àti páìpù, tí kò sí nínú ìṣirò àkọ́kọ́ rárá, kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó. Mo tún gbé ẹrù ọkọ̀ àti ibùsùn wọn láti Èkó. Bíríkìlà tó mọ irú iṣẹ́ yìí lè wà ní Iléṣà níbí tí kò ní gba tó bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ àkọ́kọ́ ni kò jẹ́ kí n wá a. Nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, ewédò máa ń bo ibi tí igi máńgòrò ṣíji bò, a sì ní láti fi ìgbálẹ̀ líle họ ọ́. Ilà aṣọ òkè yẹn náà ti bó ọmọ-ọmọ mi lórúnkún.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún 2024, mo mú agbòòjò, mo lọ dúró lẹ́nu géètì. Omi rọ́ wọ inú gọ́tà, ó pọ́n bí epo, ó ń hó, ó sì yà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìyá ìsàlẹ̀ náà ti jáde, wọ́n ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọn. A ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ránṣẹ́. Òjò ọdún 2025 náà ti lọ báyìí, tánkà ti gùn ún bí ìgbà 30, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ò mì. Bí òjò bá ti dá, mo máa ń lọ wo ẹnu páìpù òkè. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn òjò, omi ṣì ń kán níbẹ̀. Abẹ́ ọ̀nà mi ni gbogbo ìyẹn ń lọ tẹ́lẹ̀.

Tíṣà ni mo jẹ́ fún ọdún 31, mi ò lè ṣe kí n má máàkì. Mo fún un ní 7 nínú 10, gọ́tà nìkan ló ni 4 níbẹ̀. Mo yọ 1 fún ìpín kẹrin, 1 fún ìṣirò àpò símẹ́ǹtì, mo sì di 1 tó kù mú títí wọn yóò fi wá fá òkè yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti ń wọlé bọ̀. Mo ti ní kí àbúrò mi bá mi sọ fún ọ̀gá pé eékún mi ti sàn.