Tábílẹ́ẹ̀tì àbí pátákó ìyàwòrán: èwo ni kí ẹ fi tún ìtàn aláwòrán yín yà?

Ìtàn Ìjàpá kan wà tí mo ti fi pẹ́ńsù yà sínú ìwé ìkọ̀wé tipẹ́, ojú ìwé 24. Nígbà tí ẹnì kan gbéṣẹ́ fún mi pé kí n tún un yà fún títẹ̀, tábílẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Pátákó aláìníṣíkírínì tí à ń so mọ́ laptop ni mo fi parí rẹ̀.

Ní ti iná, tábílẹ́ẹ̀tì ló borí. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ẹ ṣì ń ya tiyín lọ. Ní ti owó, ẹni tó bá ti ní laptop, pátákó nìkan ló kù kó rà. Ó máa ń ṣòro díẹ̀ kí ọwọ́ máa yà nísàlẹ̀ kí ojú máa wòkè. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ mi lára. Bó bá sì jẹ́ iPad lẹ fẹ́, ẹ má ra gègé Apple Pencil oní-USB-C fún iṣẹ́ yìí: bí ẹ tẹ̀ ẹ́ le, bí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ìlà kan náà ni yóò fà.

Lẹ́yà, ìyẹn àwọn ìpele àwòrán tí à ń tò léra wọn, ló jẹ mí níyà. Ojú ìwé A4 tí wọ́n máa tẹ̀ kó mọ́lẹ̀ kedere nílò dpi 300 (àmì 300 nínú íńṣì kan), ìyẹn píksẹ́ẹ̀lì 2480 ní ìbú, 3508 ní gíga. Bí ojú ìwé bá ṣe tóbi tó ni mẹ́mọ́rì ṣe ń tán tó, bí mẹ́mọ́rì bá sì kéré, lẹ́yà kò ní pọ̀. Tábílẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kéré ni mo rà. Bí lẹ́yà bá ti tán, mo máa ń pa wọ́n pọ̀: ìlà mọ́ àwọ̀, àwọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo yà á tán ni ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi ní òun fẹ́ ti Hausa náà, torí àwọn ọmọ tí òun fẹ́ pín in fún kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ìbéèrè tó tọ́ ni, Àbújá la wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá ti lẹ̀ mọ́ àwòrán. Mo nu ún kúrò ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo tún ewé, ògiri àti èéfín tó wà lábẹ́ rẹ̀ yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, n kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lé e.

Lórí laptop, mo ń lo Krita, áàpù ìyàwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Mo kó ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú àpò lẹ́yà kan, ti Hausa sínú òmíràn. Mo pa ọ̀kan mọ́, mo ṣí èkejì, ó parí.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú ojú ìwé tó le jù nínú ìtàn yín, kí ẹ ka lẹ́yà tó máa gbà. Tèmi jẹ́ 11. Ẹ wá bẹ ọ̀rẹ́ tó ní irú iPad tí ẹ ń wò ní ọjà Banex, kó ṣí ojú ìwé tuntun tó tó ìwọ̀n A4 yẹn nínú Procreate, áàpù ìyàwòrán orí iPad. Yóò sọ iye lẹ́yà tó gbà fún yín níbẹ̀.

Ẹ dán fọ́ǹtì wò pẹ̀lú: ẹ kọ «ẹ̀gbọ́n» àti «ọ̀rẹ́». Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìtàn aláwòrán ló máa ń ju àmì sí ibi tí kò yẹ. Noto Sans àti Andika kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní laptop, tó ń yàwòrán nínú ọkọ̀ láti Nyanya dé Wuse, tábílẹ́ẹ̀tì ló yẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ tẹ ìwé, pàápàá ní èdè méjì, kó ra pátákó, kó fi owó tó kù ra bátìrì tuntun sí laptop rẹ̀. Mo ṣì ń fi tábílẹ́ẹ̀tì mi fa ìlà àkọ́kọ́, tí iná kò bá sí.