Wáyà irin, wáyà aláwọ̀ eyín, aláìnà: èwo ni kí àgbàlagbà Àkúrẹ́ rà?

Ọmọ ọdún 39 ni mí nígbà tí wọ́n lẹ wáyà mọ́ eyín mi. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rò pé ẹwà ni mo ń wá. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ìsàlẹ̀ mẹ́rin tó gun ara wọn lórí ló gbé mi dọ́dọ̀ dókítà. Búrọ́ọ̀ṣì kò ráàyè wọ àárín wọn, ìdọ̀tí ń le síbẹ̀, erìgì mi wú. Bí mo bá fọ ẹnu láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń tu. Lẹ́yìn tí wọ́n tò wọ́n tán, ẹ̀jẹ̀ náà dá.

Kò sí ọjọ́ orí tí eyín kò ṣeé tò mọ́. Bí wáyà bá ń tì í díẹ̀díẹ̀, egungun tó wà níwájú rẹ̀ á máa yọ́, òmíràn á máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe rí fún ọmọ ọdún 13 náà ló rí fún ẹni 50. Kìkì pé egungun àgbọ̀n àgbà ti dàgbà tán: bí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ bá yọ síwájú jù, wáyà nìkan lè má ká a, ó lè gba iṣẹ́ abẹ.

Wáyà irin. Òun ni owó rẹ̀ sábà ń kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì lè tò ọ̀pọ̀ irú eyín wíwọ́. Ẹ ó máa padà sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ. Iṣẹ́ náà sábà ń gba oṣù 12 sí 24. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ le, ẹ̀kọ ni mo ń mu. Iyán kò ní wàhálà. Ẹ ṣọ́ra fún àgbàdo sísun, ẹ̀pà, orógbó àti egungun. Níbi ìnáwó kan ní Oǹdó, mo gé egungun ẹran jẹ, mo sì gbọ́ tó ró kó! nínú orí mi. Irin tín-tìn-tín bí hóró ìrẹsì bọ́ sórí ahọ́n mi. Mo dì í sínú áńkáṣíìfù di ọjọ́ Ajé.

Wáyà aláwọ̀ eyín. Iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ó kàn wọ́n ju ti irin lọ. Seramíìkì tí wọ́n fi ṣe é kì í tètè yí àwọ̀ padà. Rọ́bà tó so wáyà mọ́ ọn ló ń gba epo pupa àti kọ́rì. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò lójoojúmọ́ yóò rí i tó pọ́n kí ọjọ́ àtipààrọ̀ rẹ̀ tó pé. Ó tún lè fọ́. Tèmi ni pé owó tó lé lórí rẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

Aláìnà. Èyí (aligner) ni ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí à ń yọ tí à ń fi. Amẹ́ríkà ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Invisalign, irú aláìnà kan, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Kò sí ẹran tó máa há sí i, ẹ ó sì fọ eyín yín bó ti yẹ. Àmọ́ wákàtí 20 sí 22 ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu lójúmọ́, omi nìkan lẹ sì lè mu pẹ̀lú rẹ̀; tíì gbígbóná lè lọ́ ọ. Ẹni tó ń jẹ obì, tó ń jẹ ìpápánu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì, owó ńlá á sì ṣòfò. Ẹni tó bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, tí eyín rẹ̀ kò sì wọ́ púpọ̀, kó rà á. Ẹ má rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé dókítà ya fọ́tò egungun ẹnu yín.

Ohun kan dùn mí. Àbúrò mi obìnrin lọ lẹ wáyà ọ̀ṣọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítorí fọ́tò ọjọ́ ìbí. Nígbà tí wọ́n ń tú u, ara eyín bá gọ́ọ̀mù lọ. Ìyẹn kì í hù padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín tó ní ìwé ẹ̀rí. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè níbẹ̀. Bó bá di ti ẹni tó kọ́ títò eyín ní pàtó, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti UCH ní Ìbàdàn ní wọn. Ẹ ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn, torí pé léraléra lẹ ó máa lọ.

Erìgì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Wáyà lórí erìgì tó ń ṣàìsàn lè mú kí eyín mì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n bóyá ritéínà, ohun tó ń di eyín mú sípò rẹ̀, wà nínú iye tí wọ́n pè. Òun là ń fi sùn lẹ́yìn tí wáyà bá kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ eyín á padà síbi tó ti wá.

Bí ẹ bá sì ní èjí, ẹ tètè sọ bóyá ẹ fẹ́ kó wà. Dókítà mi ti ń múra àtipa tèmi dé. Mo ní rárá o, ti ìyá mi nìyẹn. Ó tò gbogbo ìyókù, ó fi èjí mi sílẹ̀.