Ọmọkùnrin tó bá mi yẹ ilẹ̀ àkùrọ̀ wò ní Ifẹ̀: iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ìwé rẹ̀ ló le

Àwọn èèyàn ò yéé bi mí nípa ọmọkùnrin tó bá mi yẹ ilẹ̀ wò létí odò Ọ̀pà, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Tí mo bá máa fún un ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni. Ẹ ó rí ìdí tí mo fi yọ méjì tó bá yá.

Bàbá kan ló ń fi ilẹ̀ yẹn lọ̀ wá, kí a máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ní ẹ̀fọ́ ni o, ìrẹsì ni o, ẹ̀gẹ́ ni o, kò sí èyí tí kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Oṣù Kejì la lọ wò ó. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú ilẹ̀ gbẹ táútáú, ó ti sán. Àmọ́ kí ni àkùrọ̀ tí kì í rẹwà lẹ́ẹ̀rùn? Mo ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà Odò-Ògbè, mo mọ àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ pé tí òjò bá ti wọ oṣù Kẹfà báyìí, ẹ ò ní rí ewédú wọn mọ́, omi ti gbé e lọ. Mo ní owó mi ò kúrò nílé títí ẹnìkan á fi bá mi wo abẹ́ ilẹ̀ yẹn.

Ẹni tí wọ́n júwe fún mi nìyí. Irin gígùn kan tí wọ́n ń yí wọlẹ̀ ló gbé wá, pẹ̀lú àdá, ìgò omi kan àti ìwé kékeré kan tó kún fún oríṣiríṣi àwọ̀. Etí odò gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀, yanrìn ló sì ń bá jáde níbẹ̀. Ó ní bí odò bá kún tó bo bèbè, ohun tó wúwo ló kọ́kọ́ ń jù sílẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bèbè máa ń ga díẹ̀, tó sì máa ń yanrìn. Omi tó bá kọjá lọ sẹ́yìn á dúró sójú kan, erùpẹ̀ lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ á wá rọra jókòó. Ìdí nìyí tí ibi tó jìnnà sí odò fi rẹlẹ̀ ju etí odò lọ, tí omi sì ń pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ sì wò ó o, apá ẹ̀yìn yẹn gan-an ni bàbá onílẹ̀ ń pè ní “ibi tó gbẹ”, tó fẹ́ gba owó gọbọi lé lórí.

A lọ sí apá ẹ̀yìn náà. Ó bu erùpẹ̀ díẹ̀, ó ta omi sí i, ó ní kí n fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Kò ha mí lọ́wọ́, kò sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó kàn ń yọ̀ ni, bí èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Nígbà tó fẹ́ fà á gùn láàárín ìka, ó já pẹ́kí. Ó ní amọ̀ ì bá fà. Horo erùpẹ̀ yìí kan ò tó 0.05 mílímítà, àlàfo àárín wọn kéré débi pé omi tó bá wọ̀ ọ́ kì í tètè kúrò. Tí a bá sì fi ẹsẹ̀ tàbí katakata tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù, ṣe ló máa ki pọ̀. Mo bu díẹ̀ wálé, mo pò ó mọ́ omi nínú ìgò: yanrìn rẹ̀ jókòó lójú ẹsẹ̀, lẹ́búlẹ́bú yẹn gba wákàtí mélòó kan, omi òkè sì dúdú títí di ọjọ́ kejì nítorí ìwọ̀nba amọ̀ tó wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo sanwó fún gan-an ni àwọ̀. Òkè ilẹ̀ dúdú díẹ̀, kò burú. Nígbà tí irin wọlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ilẹ̀ tó bá jáde rí bí eérú, ó ní àmì pupa kéékèèké lára, àwọn mìíràn tẹ̀ lé ojú ọ̀nà gbòǹgbò tó ti kú. Ó ní ìpẹtà ni. Èròjà irin wà nínú ilẹ̀ wa yìí. Bí omi bá dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu, irin yẹn á yọ́ sínú omi, ilẹ̀ á sì ṣì lójú. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá tún ti rí ọ̀nà wọlé, bíi ojú gbòǹgbò, ibẹ̀ ló ti máa dípẹtà. Nítorí náà, ibi tí àmì pupa bá ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ń gùn dé lásìkò òjò, ì báà gbẹ táútáú lónìí. Nísàlẹ̀ sí i, ilẹ̀ ti ń lọ sí búlúù, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Bàbá onílẹ̀ bínú. “Ọmọ, ilẹ̀ ni wọ́n ní kó o wò, ìwọ ń gbẹ́ kànga.” Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí omi fi ń sun nínú ihò náà. Nínú oṣù Kejì o!

Ìmọ̀ràn rẹ̀ nìyí. Kí n má fi ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ rárá, jíjẹrà ló máa jẹrà. Ìrẹsì ni kí n gbìn sí apá ẹ̀yìn lásìkò òjò, kí n sì wá irú èyí tó lè fara da irin, bíi FARO 52 tí àwọn kan ń pè ní WITA 4, torí irin tó pọ̀ nínú omi máa ń sọ ewé ìrẹsì di pupa rúsúrúsú. Tí mo bá fẹ́ fi ajílẹ̀ yúríà sí i, kí n rì í sínú ẹrẹ̀. Èyí tí a bá fọ́n sójú omi, afẹ́fẹ́ ló ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, orí ebè gíga. Kí n sì fi koríko gbígbẹ bo ojú rẹ̀, nítorí òjò kan péré ti tó láti mú kí erùpẹ̀ yìí dì lójú, ọmọ ewédú ò sì ní lè yọrí. Mo bi í pé ṣé kí n gbẹ́ gọ́tà. Ó ní tí odò bá ga ju oko lọ nígbà tó kún, gọ́tà yẹn gan-an ni omi máa gbà wọlé. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú, torí ẹni tó fẹ́ jẹ owó mi lásán, gọ́tà ni ì bá kọ́kọ́ dámọ̀ràn.

Ó kù sí ibi tó ti dùn mí. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tó kọ wá, ó kún fún nọ́ńbà, ó pẹ́ ju bó ṣe ṣèlérí lọ. Ó ní “Jago” ni ilẹ̀ náà. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àfi ìgbà tí mo pè é lórí fóònù ló tó sọ pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ olómi inú àfonífojì apá ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹni tó lè ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kò yẹ kó kọ irú ìwé yẹn. Èkejì, ₦40,000 tó gbà kò kan owó láàbù tí wọ́n ti ń yẹ erùpẹ̀ wò, kò sì sọ fún mi títí ó fi di erùpẹ̀ sínú ọ̀rá tán.

Bàbá onílẹ̀ gbà láti yọ ìdajì kúrò nínú owó apá ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dáko lórí ilẹ̀ yín láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ mọ ibi tí omi ń dé. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lọ́wọ́ àjèjì ni kó pè é, kó béèrè owó láàbù ṣáájú, kó sì ní kó sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá kí òun gbà á sórí fóònù. Ẹ mú bàtà rọ́bà yín lọ, kò ní sí èyí tó máa yá yín.