Ìṣeré Star Wars tí wọ́n ń tà ní Ògùnpa àti Dùgbẹ̀: idà ṣeé rà, ọmọlangidi kò ṣeé rà

Star Wars ni fíìmù Amẹ́ríkà nípa ogun ojú sánmà. Ẹ jẹ́ ká ti orí idà oníná tí wọ́n fi ń jà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ike rẹ̀ ń wọnú ara wọn ni, tí ẹ bá jù ú síwájú, á nà jáde. Ibi tí ike kan ti pàdé èkejì ló ti ń bàjẹ́: bí ọmọ bá fi gbá ògiri, ibẹ̀ á há, kò ní wọlé mọ́. Ẹ má fi ipá tì í, ẹnu rẹ̀ ló máa sán. Ẹ di méjèèjì mú, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, á tú.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ nà án, ẹ pa á pọ̀, ẹ tan iná rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á. Ẹ wá wo ìdérí bátìrì. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ló máa ń wà nínú èyí tó pọ̀ lórí àtẹ. Bí ìdérí kò bá ní síkúrù, ẹ dá a padà, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́: bí ọmọ bá gbé bátìrì yẹn mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì.

Ti ọmọlangidi ńkọ́? Páálí rẹ̀ dán, àmọ́ ọ̀dà ojú rẹ̀ ṣàn kọjá ààlà, apá rẹ̀ dẹ̀, ọwọ́ kò lè di nǹkan kan mú. Ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ojúlówó òde òní sábà máa ń ní LFL àti Hasbro, orúkọ iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣeré náà, tí wọ́n tẹ̀ sára ike. LFL ni Lucasfilm, iléeṣẹ́ tí George Lucas tó darí fíìmù náà dá sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an lowó wà. Nígbà tí Lucas ń bá iléeṣẹ́ fíìmù 20th Century Fox ṣàdéhùn, kò du owó iṣẹ́ olùdarí. Ẹ̀tọ́ apá tó kàn àti ti ọjà tí wọ́n máa fi orúkọ fíìmù náà tà ló dì mú. Fíìmù jáde ní May 1977, ìṣeré tí iléeṣẹ́ Kenner ń ṣe fún un kò bá Kérésìmesì ọdún náà. Páálí tó ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n á fi gba ọmọlangidi nínú ni wọ́n tà fáwọn òbí, ọmọlangidi mẹ́rin dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. (Ẹ gbà pé ọlọ́jà nìyẹn!) Nígbà tó di apá kejì ní 1980, owó ara rẹ̀ ni Lucas fi ṣe é, Fox kò lè pàṣẹ fún un. Iléeṣẹ́ Disney ló ni Lucasfilm báyìí, wọ́n rà á ní 2012 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là.

Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó olówó pọ́ọ́kú, kó wá a láàárín ìṣeré òkìrìkà. Kò ní ní páálí, ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ sì lè ti sọnù. Ìyẹn lẹ máa fi ná an wálẹ̀.