Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì Cambridge fún àwọn ọmọdé: ibo ni ìwé kíkọ wà níbẹ̀?

Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sọ́dọ̀ mi fún ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà béèrè ohun tó wà nínú ìdánwò yìí. Iye asà tí ọmọ máa gbà ló jẹ wọ́n lógún. Asà ni wọ́n ń fún ọmọ dípò máàkì: ó lè gba márùn-ún nínú gbígbọ́, márùn-ún nínú kíkà àti kíkọ, márùn-ún nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi. Mo gba tiwọn níbẹ̀ o, torí ọmọ ọdún méje kì í tètè gbàgbé irú ìtìjú bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ló wà: Starters, Movers àti Flyers. Ìwé kíkọ ni èmi máa ń wò.

Starters, ìbéèrè 25 ní ìṣẹ́jú 20. Ká má tan ara wa, ìwé kíkọ ò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á da lẹ́tà orúkọ rẹ̀ rú, ọmọ á tò ó padà. Ní apá tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìdáhùn. Àmọ́ sípẹ́lì gbọ́dọ̀ pé. Ní apá kẹfà Movers lọmọ tó máa fi orí ara rẹ̀ kọ gbólóhùn méjì nípa àwòrán kan.

Apá keje Flyers gan-an ni mo fẹ́ràn. Àwòrán mẹ́ta, kọ ìtàn, ó kéré tán ọ̀rọ̀ 20. Ẹ má fojú kéré e. Nígbà tá a fi dánra wò, ọmọ kan kọ̀wé kún ojú ewé nípa ajá inú àwòrán kìíní: àwọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀, ohun tó máa ń jẹ. Àkókò pé, kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwòrán kẹta. Ẹnì kejì rẹ̀ kọ: "The dog run. The boy is sad. The boy find the dog in the park. The boy is happy now." Gírámà rẹ̀ mẹ́hẹ, àmọ́ mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ kà á wò, ọ̀rọ̀ 20 géérégé!

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé asà kan náà ni wọ́n fi ń wọn kíkà àti kíkọ. Nínú ìbéèrè 44 tí Flyers ní, ìtàn yẹn nìkan ló gùn. Ọmọ tó mọ̀wé kà dáadáa, tí kò lè kọ ìlà méjì, ṣì lè gba asà tó jọjú, òbí á sì máa yangàn.

Nítorí náà, ẹ wa ìdánwò àpẹẹrẹ jáde lórí ìkànnì Cambridge, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fún ọmọ ní apá keje nìkan àti pẹ́ńsùlù, kẹ́ ẹ sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ni ín lára, ìdánwò Cambridge tí wọ́n ń pè ní A2 Key for Schools ló kàn: ímeèlì tí kò dín ní ọ̀rọ̀ 25, àti ìtàn tí kò dín ní ọ̀rọ̀ 35 látinú àwòrán mẹ́ta.