Mọ́tọ̀ fáànù ọkọ̀ mi ń jo epo: gáráàjì kan ní Àjàṣẹ́ ló bá mi yanjú ẹ̀

Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ń gbé, irun ìyàwó ni mo ń ṣe, gèlè ni mo ń wé. Inú ọkọ̀ ilé kan tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún 1999 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Ó ní ibùsùn, ó ní omi, ó ní dígí gígùn. Ọjọ́ tí kò bá rìn, owó kì í wọlé fún mi.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, radiátọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì kò lè débẹ̀ láti yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí radiátọ̀. Pọ́ǹpù kan lára ẹ́ńjìnnì ló ń ti epo haidirọ́líìkì lọ sínú mọ́tọ̀ kékeré tó ń yí fáànù. Nínú ọkọ̀ tèmi, epo kan náà ló ń mú kí sitiárì rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sitiárì ló kọ́kọ́ le mọ́ mi lọ́wọ́, ní Pọ́bẹ̀, tí ìyàwó jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú gèlè lórí. Kò pẹ́ ni abẹ́rẹ́ ooru bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e fún pààrọ̀ joint spi, ìyẹn òrùka rọ́bà tó di ọrùn mọ́tọ̀ náà. Ọjọ́ 11 péré, epo tún ń kán. Ó ní kí n lọ ra mọ́tọ̀ fáànù tuntun. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Ẹnì kan ló júwe gáráàjì tó wà lójú ọ̀nà Sákété, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí wọ́n ti ń tún katakata ṣe. Bàbá tó ni ín kò mú sípánà. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ fọ radiátọ̀ ná. “Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká rí ojú ẹ̀ ká tó dá a lẹ́bi.” Fáànù ti fọ́n epo sí gbogbo ara radiátọ̀, eruku pupa ọ̀nà wa sì ti dì mọ́ ọn bí ẹ̀kọ tó tutù. Omi tó ṣàn jáde dúdú kirikiri. Èyí nìkan ti tó láti mú ẹ́ńjìnnì gbóná.

Nígbà tí wọ́n tú mọ́tọ̀ náà, bàbá gbé ọ̀pá irin àárín rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n fi èékánná wọ́ ọ. Èékánná mi há. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí kò ju fọ́nrán irun lọ, níbi tí rọ́bà ti ń ha irin láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Rọ́bà tuntun tó bá jókòó sórí ìlà yẹn, jíjo ni yóò máa jo. Ó wá ti òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà wọ ọ̀pá náà, ibẹ̀ sì dán.

Ó tún mú rọ́bà tíńrín tó ń dá epo padà láti inú ilé mọ́tọ̀ sí táǹkì, ó fẹnu fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ kò kọjá. Inú rẹ̀ ti wú pa. Epo tí kò rí ọ̀nà padà ló ń ti joint spi jáde! Ẹni àkọ́kọ́ kò wo ibẹ̀ rárá, inú sì ń bí mi sí i títí dòní, nítorí owó mi ló lọ. Bàbá pààrọ̀ rọ́bà náà àti fílítà. Joint spi tí wọ́n fi Viton, irú rọ́bà kan tó ń fara da ooru, ṣe ló fi sí i. Ó ní ti dúdú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ ju nǹkan bí 100 °C lọ, Viton ń gbà tó 200. Wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, wọ́n ń pa á, wọ́n ń bu epo kún un, èmi ń yí sitiárì sọ́tùn-ún sósì, títí afẹ́fẹ́ fi tán nínú rẹ̀.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: ọjọ́ 2 tí wọ́n dá di ọjọ́ 4, wọn kò pè mí, mo sì pàdánù ìyàwó kan ní Ṣábẹ̀ẹ́. Kò sí ìjókòó lábẹ́ ibòji. Ìwé owó, àfìgbà tí mo béèrè. Owó iṣẹ́ àti epo jẹ́ 85,000 sẹ́fà, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ohun èlò àtijọ́ fún mi nínú ọ̀rá kí n lè rí wọn.

Láti ìgbà náà, mo ti lọ sí Àjàṣẹ́ mo ti bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Lálaalẹ́ ni mo ń tẹ́ páálí sábẹ́ fáànù. Láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ adìẹ nìkan ló wà lórí rẹ̀.